Ọjọ́ Mẹ́jọ tí Mo Fi Wá Ìtumọ̀ Osmund

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn ẹrẹ̀ odò tó dà pọ̀ mọ́ ti bẹntiróòlù, ọwọ́ mi á kọ́kọ́ máa wá nǹkan tí yóò dì mú. Òórùn yẹn ni mo gbọ́ kẹ́yìn kí omi tó bo imú mi lọ́nà oko wa, lẹ́yìn Ogbooro, ní ọdún kan tí òjò rọ̀ bí ẹni pé kò ní í dá mọ́. Ọ̀kadà ni mo gùn, àpò àgbàdo mi sì wà lórí táǹkì níwájú ọlọ́kadà. Omi ti bo afárá onípákó, ṣùgbọ́n ọlọ́kadà ní lójú dídì lòun fi mọ ibi tí pákó wà. Kò mọ̀ ọ́n. Táyà iwájú yẹ̀, a sì bá a lọ.

Mi ò mọ odò wẹ̀. Bí o bá jẹ́ ará Òkè-Ògùn bíi tèmi, ó ṣeé ṣe kí ìwọ náà má mọ̀ ọ́n. Ilẹ̀ ọ̀dàn la ti dàgbà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, odò wa a máa gbẹ débi pé a ó gba inú rẹ̀ kọjá tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó dúró létí omi lọ́jọ́ náà tí wọ́n ń pariwo, ẹnì kan ṣoṣo ló lè wẹ̀, àgùnbánirọ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ìwé wa. Ìlú etí omi ni wọ́n ti bí i, níbi tó jìnnà sí wa. Ó bẹ́ sódò tòun ti kákí ọrùn rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ létí mi, ó ń fi Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ pariwo pé, "Bàbá, di mí mú! Má jà! Di mí mú!" Mo dì í mú. Ọlọ́kadà ní tirẹ̀ ti rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi kan, ó ń ké bí ewúrẹ́. Nígbà tí mo pọ omi inú mi tán lórí iyanrìn, mo bi àgùnbánirọ̀ náà pé kí ni wọ́n ń pè é. Ó ní Osmund. Níbẹ̀ ni mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí oyún tó wà nínú ìyàwó mi bá jẹ́ ọkùnrin, orúkọ yẹn ni yóò máa jẹ́.

Ọkùnrin ni. Ọjọ́ mẹ́jọ tó tẹ̀ lé ìbí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ọ, torí mi ò rò pé ara mi tíì yá gágá tó bẹ́ẹ̀ rí láyé, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù bà mí níbẹ̀ ju bó ti yẹ lọ.

Bàbá mi ló ń sọ gbogbo ọmọ ilé wa lórúkọ. Àgbẹ̀ oníṣu ni, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré. Nígbà tí mo sọ ẹ̀jẹ́ mi fún un, ó gbé búútà àlùwàlá rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìbejì ni ìyàwó rẹ bí ṣáájú. Ìdòwú ni èyí. Ó ti lórúkọ kó tó dé. Kí lo tún ń wá?"

"Bàbá, mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ni."

"Kí ni ìtumọ̀ orúkọ ọ̀hún?"

Mi ò mọ̀ ọ́n.

"Nílé yìí, bí a bá pe orúkọ ọmọ tán, a ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ kí gbogbo èèyàn gbọ́. Mi ò ní dúró níwájú Ààfáà kí n máa pe ohun tí mi ò mọ̀ lé ọmọ-ọmọ mi lórí. Bó o bá rí ìtumọ̀ rẹ̀ kó tó di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, wá bá mi. Bó bá sì jẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì, má wulẹ̀ yọjú."

Èrò gbogbo wa nìyẹn nígbà náà, pé orúkọ tí òyìnbó bá ti ń jẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì ló ni ín. Ǹ bá bi àgùnbánirọ̀ náà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti parí ìsìnrú ìlú ní oṣù tó ṣáájú, ó ti padà sílé. Fóònù rẹ̀ kò lọ. Ohùn obìnrin kan ló ń dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń sọ ní gbogbo ìgbà.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá olùkọ́ èdè òyìnbó. Ó ṣí ìwé atúmọ̀ rẹ̀ tó nípọn, ó wò ó títí, ó pa á dé. "Kò sí orúkọ èèyàn níbí, Bàbá Ìbejì. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n kó síbẹ̀." Lọ́jọ́ kẹrin mo lọ bá pásítọ̀ tó máa ń bá wa jẹ ẹran Iléyá. Òun náà wá inú Bíbélì rẹ̀ títí. "Jákọ́bù wà, Sámúẹ́lì wà. Èwo wá ni eléyìí? Kò sí níbí o." Díẹ̀ ló kù kí n dì mọ́ ọn. Bí kò bá sí nínú Bíbélì, ìbẹ̀rù Bàbá ti dín kù nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ńkọ́? Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi gbójú sókè lórí ibùsùn, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ọmọ ń wo ẹnu yín o. Ó fẹ́ mọ ẹni tí òun jẹ́."

Lọ́jọ́ keje ni àbúrò mi obìnrin dé láti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Ṣakí. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bùrọ̀dá mi, láti ọjọ́ yìí lẹ ti ń rìn kiri? Orí fóònù ló wà!" Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀kì tó lè ṣí íńtánẹ́ẹ̀tì kì í dé àdúgbò wa, àfi béèyàn bá gun àpáta tó wà lẹ́yìn ilé ìwé. A gùn ún ní ìrọ̀lẹ́. Èéfín àwọn tó ń se irú ń bọ̀ lókè bá wa, àpáta sì ṣì gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀. Àbúrò mi na fóònù sókè bí ẹni ń fi àwo gba òjò. Nǹkan kan ń yí róbótó lójú fóònù náà, ó ń yí, kò dúró. Àyà mi náà ń yí. Lójijì ó pariwo pé, "Ó ti ṣí!"

Ó ń kà, mo ń kọ ọ́ sínú ìwé tí àwọn ìbejì fi ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì ti gbó gan-an. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀, bí àwa náà ṣe ń so Olú mọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Èyí àkọ́kọ́ ni ọlọ́run, èkejì ni ààbò. "Ààbò Ọlọ́run!" Èmi tí mi ò tíì lè gbé ohùn sókè láti ọjọ́ tí mo kó sómi, mo kígbe débi pé àwọn obìnrin ìsàlẹ̀ gbójú sókè. Mo jó lórí àpáta náà. Tòótọ́ ni mo wí, mo jó.

"Ẹ dúró ná," àbúrò mi ní. "Kò tíì tán."

Ó ní orúkọ náà ti wà kí ìgbàgbọ́ tó dé ilẹ̀ òyìnbó. Ọlọ́run tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń bọ láyé àtijọ́ ni, torí wọ́n ní òrìṣà lọ́pọ̀lọpọ̀ nígbà náà. Ó ní orúkọ náà ti fìgbà kan gbòde, pé bíṣọ́ọ̀bù ìgbà láéláé pàápàá jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n lóde òní, ìwọ̀nba díẹ̀ ni àwọn òyìnbó tó ń fi sọ ọmọ wọn. Mo gbé bírò kúrò lórí ìwé.

"Má jẹ́ ká kọ ìyẹn."

"Ẹ kọ ọ́, Bùrọ̀dá."

"Bàbá á lé mi."

"Bí ẹ bá kọ ìdajì, ìdajì orúkọ lẹ máa sọ ọmọ yẹn."

Mo kọ ọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà wíńníwíńní ni mo fi kọ ọ́.

Ní ọjọ́ kẹjọ, àgbàlá wa kún. Ààfáà jókòó lórí ẹní, àgbò so mọ́ igi ẹmi. Àbúrò bàbá mi tó jẹ́ ọdẹ, tí kò fi Ògún sílẹ̀ láti kékeré, fi ìbọn rẹ̀ ti ògiri. Bàbá mi wò mí. Mo dìde, mo ka apá àkọ́kọ́. "Orúkọ rere!" ni gbogbo wọn ń wí. Mo ti ń ká ìwé náà nígbà tí Ààfáà rọra béèrè pé, "Ọlọ́run wo ni?"

Àbúrò mi ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Mo tún ìwé náà ṣí, mo ka lẹ́tà wíńníwíńní.

Ọdẹ lu itan rẹ̀. Ó pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n! Ṣé ẹ gbọ́? Òyìnbó náà ní òrìṣà! Pẹ̀lú gbogbo ariwo tí wọ́n ti ń pa lé wa lórí!"

"Panu mọ́," bàbá mi ní.

"Mo ti panu mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi ni eléyìí o. Ẹ gbé e fún mi kí n mú un lọ sígbó."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ààfáà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ààbò kò burú, pé Olùdáàbòbò wà lára orúkọ Ọlọ́run. "A ó pè é ní Abdul-Hafeez, ìránṣẹ́ Olùdáàbòbò. Ìtumọ̀ ti wà níbẹ̀. Ẹ fi ti òyìnbó sílẹ̀." Ọ̀nà àbáyọ tó dára ni. Ẹni tó máa ń ṣọ́ra ni mí, ara mi sì fẹ́ gbà á kí ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n mo rántí ohùn tó wà létí mi nínú omi.

"Ẹ ṣeun, Ààfáà. Mo gba ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ mi ṣì wà nílẹ̀."

Bàbá mi yíjú sí mi. "Nígbà tó o wà lábẹ́ omi, ta lo pè?"

"Mi ò pe ẹnikẹ́ni, Bàbá. Omi kún ẹnu mi."

"O ò pe Ọlọ́run?"

"Mi ò ráyè."

"Ta wá ló wá?"

"Osmund ni."

Ó na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n gbé ọmọ náà fún un. "Ààfáà, ẹ ṣe tiyín, kí n ṣe tèmi." Ààfáà pe Abdul-Hafeez sétí ọmọ. Bàbá mi gbé ẹnu súnmọ́ etí kejì, ó pe Ìdòwú, ó mí kanlẹ̀, ó sì pe Ọsimọ́ńdì, bí ahọ́n rẹ̀ ṣe lè gbé e. Ó gbójú sókè sí wa. "Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n fa bàbá rẹ̀ yọ nínú omi. Èyí tí òyìnbó kọ síwèé, tiwọn nìyẹn."

Nígbà tí fóònù àgùnbánirọ̀ náà lọ níkẹyìn, èmi ni mo wá ń túmọ̀ orúkọ rẹ̀ fún un. Kò mọ̀ ọ́n rí! Orúkọ fádà tó ṣe ìrìbọmi fún un ni wọ́n sọ ọ́. Kí ọdún náà tó parí, ìyàwó ọlọ́kadà bí ọkùnrin. Ọlọ́kadà wá bá mi, ó ń họ orí, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé orúkọ yẹn ṣì kù?" Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọdẹ sọ ọmọ-ọmọ tirẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí òrìṣà, ó ní. Ní àdúgbò wa nìkan, wọ́n di mẹ́ta.

Wọ́n ti fi kọnkéré ṣe afárá náà báyìí, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ni mo ṣì ń dúró sí ní gbogbo ìgbà tí òjò bá ti rọ̀, nítorí òórùn yẹn. Àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn máa ń ṣáájú mi lọ sóko lọ́jọ́ Sátidé. Gbogbo wọn ló mọ odò wẹ̀. Mo rí sí i. Bí ẹsẹ̀ mi bá kọ̀ tí kò gbéra, màá pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan péré. Ohùn mẹ́ta á jẹ́ mi lóhùn láti òdìkejì omi. Ìgbà náà ni mo máa ń gbé ẹsẹ̀ lé afárá.