Káì Tí Láràbá Wí

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kẹ̀kẹ́ tí mo wọ̀ láti Ọgbà gba ẹ̀gbẹ́ Oko Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, kọjá, òórùn táyà tí wọ́n fi ń wi awọ màlúù sì dà bò wá. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ fi apá bo imú. "Káì!" ló wí, ó sì tutọ́ sójú títì. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló sọ mí di ọmọ ọdún mẹ́tàlá padà.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní ò mọ Oko Ọba ìgbà náà. Ìgbà ìjọba ṣójà ni, tí ọ̀rọ̀ SAP, ètò ọrọ̀ ajé tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, wà lẹ́nu gbogbo èèyàn, tí ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan n'Íkẹjà dá bàbá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́, òun àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Gọ́tà iwájú ilé wa máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ màlúù àti ìgbẹ́ inú ìfun kọjá, á ki bí ògì. Bí òjò bá rọ̀, á wọlé wá kí wa ní yàrá. Eṣinṣin ò bẹ̀rù wa rárá; à ń fi ọwọ́ kan lé wọn, à ń fi èkejì jẹun. Bí mo bá lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Àgídìngbì, àwọn ọmọ ibẹ̀ á ní mò ń rùn bí ẹran. Wọn ò parọ́.

Láràbá ni ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ Haúsá ni. Bàbá rẹ̀, Màlámù Dáúdà, máa ń kó màlúù wá láti òkè Ọya. Ilé kéú la ti pàdé. "Káì" kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Èmi rò pé tiwa ni, nítorí ìyá bàbá mi, Ìyá Àgbà tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, máa ń wí i bí nǹkan bá rí i lára. Láràbá fi mí rẹ́rìn-ín. Ó kọ́ mi pé lédè tiwọn, ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ orí tó wà lọ́rùn èèyàn, ó lè jẹ́ kéèyàn gbé nǹkan dé ibì kan, ó sì lè jẹ́ "ìwọ", bó bá jẹ́ ọkùnrin là ń bá wí. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Ìyá Àgbà, ó fa ojú ro.

"Ta ló yá ta lọ́rọ̀? Kí Haúsá kankan tó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti ń ké káì!"

Mi ò tíì mọ ẹni tó jàre. Ọmọ mi tún wò ó lórí fóònù láìpẹ́ yìí, ó ní lédè Gíríìkì, "àti" ni; lọ́dọ̀ àwọn Màórì, lópin ayé lọ́hùn-ún, oúnjẹ ni. Oúnjẹ!

Láàárọ̀ Sátidé kan nígbà náà, àbúrò bàbá mi, Bùọ̀dá Múfú tó jẹ́ alápatà, gbé ẹran wá fún wa nínú ike. Ìyá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ó ti pẹ́ tí ẹran ti wọ ọbẹ̀ wa gbẹ̀yìn. Ẹran náà dúdú, omi kan tó ń yọ̀ ń jáde lára rẹ̀, ó sì ń rùn bí aṣọ tútù tí wọ́n ká pamọ́. Ìyá mi fi ata àti àlùbọ́sà bò ó, ó gbé e kaná. Ẹnikẹ́ni ò béèrè nǹkan kan.

Bí Bùọ̀dá Múfú ṣe ń gbé ike rẹ̀ kó máa lọ ni Láràbá wọlé wá pè mí. Ó wo ìyókù ẹran tó wà nínú ike, ó wo ojú Bùọ̀dá Múfú, ó nàka sí i.

"Kai ne! Mushe!" Inú ń bí i débi pé kò rí Yorùbá kankan sọ.

Bùọ̀dá Múfú yíjú sí mi. "Kí ló pè mí? Ṣebí ìwọ lo gbọ́ èdè wọn."

Mo gbọ́ ọ yékéyéké. Ó ní, "Ìwọ ni! Òkú ẹran!" Láràbá ti sọ fún mi nílé kéú lánàá pé màlúù kan kú sínú ọkọ̀ kí wọ́n tó dé Èkó, àti pé alápatà kan ti bá bàbá òun gbé e lọ láti rì í mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ti ń ta sánsán, itọ́ sì ti kún ẹnu mi.

"Ó bú yín ni," mo wí.

Bùọ̀dá Múfú gbá Láràbá létí. Láràbá ò sunkún. Ó kàn wò mí, ó fa ìbòrí rẹ̀ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó lọ.

A jẹ ẹran náà. Ó ń fà bíi rọ́bà, ó sì ní adùn kan tí mi ò lè ròyìn láìtutọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, inú ti ń run gbogbo wa. Èmi àtàwọn àbúrò mi tò sẹ́nu ọ̀nà ṣálángá, à ń bì. Ìyá Àgbà, tí kò fẹnu kàn án nítorí eyín rẹ̀, ló ń pọn omi fún wa. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ fún un.

Kò pariwo. "O mọ̀," ó ní, "o sì tún jẹ ẹ́?"

Ní ọjọ́ kejì, ó fà mí lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ Màlámù Dáúdà, ó ti Bùọ̀dá Múfú síwájú wa. Bùọ̀dá Múfú dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi náà kúnlẹ̀. Màlámù ní kí a dìde, ó ti tán. Àmọ́ Láràbá wà lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà. Mo ń rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi làálì kùn. Mo pè é títí. Kò jáde. Kò wá sí ilé kéú mọ́, nígbà tó sì yá, wọ́n padà sí òkè Ọya.

Wọ́n ti wó ilé wa, wọ́n ti sọ ilé iṣẹ́ bàbá mi di ibi tí wọ́n ń kó ọjà pamọ́ sí. Òórùn yẹn nìkan ni kò kúrò. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ayé ìgbà náà, àwọn àbúrò mi á ní ebi ló fà á. Òótọ́ ni, ebi ló gbé òkú ẹran sínú ìkòkò wa. Ṣùgbọ́n ebi kọ́ ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ Láràbá. Ẹnu mi ni, ó sì ń rí mi lára títí dòní.