Ohùn Tó Bá Mi Gbé Irin ní Sùúrùlérè

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé mi ò kì í sọ ìsọkúsọ. Ojúmọmọ ni o, mi ò sùn, mi ò sì mutí. Ẹ ṣáà fetí sílẹ̀.

Múṣin ni mo ti ń gbé irin tẹ́lẹ̀, lẹ́yìnkùlé kan, lábẹ́ páànù. Ẹ̀gbọ́n tó ni àwọn irin náà ni wọ́n kọ́ mi. Òfin wọn kì í yẹ̀: tó o bá dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró níbi orí ẹ. Tí irin bá fẹ́ borí ẹ, ẹni yẹn á fi oríkì pè ẹ́. Tó o bá dáhùn, á bá ẹ gbé e. Tẹ́ ẹ bá gbé e kalẹ̀ tán, á ní, "Ó kàn mí," ìwọ náà á sì dúró tì í kó o lè bá a gbé tiẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sá fún un.

Oríkì mi ńkọ́? Ẹ má bínú, mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Onílẹ̀ ta ilẹ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n kó irin wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, èmi wá bá ara mi ní jíìmù kan ní Sùúrùlérè. Ẹ́ẹ́sì tó ń mú ilé tutù wà, dígí wà, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń kí èèyàn! Íápíìsì ló wà létí kálukú. Mo kí arákùnrin kan "ẹ kú iṣẹ́", ó wò mí bíi pé mo fẹ́ tọrọ nǹkan. Ọkàn mi ò balẹ̀ níbẹ̀ rárá. Bẹ́ǹṣì kan wà ní kọ̀rọ̀ tí wọn kì í sún mọ́. Ara fu mí o, àmọ́ olóríkunkun ni mí, mo ní tèmi nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú kan, ọ̀pọ̀ ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi àti ọmọbìnrin tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà nìkan ló kù. Mo bọ́ bàtà, mo dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì kọ̀rọ̀ yẹn, mo ń gbé irin lọ, àfi bí apá mi ṣe kọ̀ lójijì. Irin já lé mi láyà. Mi ò léèémí tí mo lè fi pariwo. Mo ní ó tán, ibí ni wọ́n á ti gbé òkú mi.

Òórùn ìpara gbígbóná kan bá gba imú mi, irú èyí tí Ẹ̀gbọ́n máa ń fi pa èjìká. Ohùn kan rọra pè mí láti òkè orí mi. Oríkì mi ni! Níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ orúkọ mi pàápàá!

Màámi ti kìlọ̀ fún mi láti kékeré: ohùn tó ò bá rí ẹni tó ni ín, má dá a lóhùn. Mo rántí o. Ṣùgbọ́n irin wà láyà mi. Ó tún pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n," mo fi èémí tó kù dáhùn.

Ẹ gbà mí gbọ́, irin náà fúyẹ́. Ó gòkè, ó jókòó sáyè ẹ̀. Mò ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi, mo dìde kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n.

Ògiri ni mo rí. Orí bẹ́ǹṣì yẹn kan ògiri ni, ẹsẹ̀ ọmọdé ò lè ráàyè dúró níbẹ̀.

Mo sá jáde láìwọ bàtà, mo pe Ẹ̀gbọ́n lórí fóònù. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ wà l'Ékòó ni?"

"Èkó kẹ̀? Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, mò ń jẹ ẹ̀kọ lọ́wọ́. Kí ló dé?"

Mo ṣàlàyé. Wọ́n rọra béèrè pé, "Ṣé o dáhùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé ó ti ní ó kan òun?"

"Rárá, sà."

"Má padà síbẹ̀ mọ́." Wọ́n gé fóònù.

Mi ò padà o. Bàtà mi ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ àná, níbi tí mo ti ń fọ eyín nílé mi, òórùn ìpara yẹn gba gbogbo balùwẹ̀. Ohùn náà sọ ọ́ sí mi létí: "Ó kàn mí."

Kí ló fẹ́ kí n bá òun gbé? Mi ò mọ̀. Ta ló tiẹ̀ kọ́ Ẹ̀gbọ́n ní òfin yẹn? Mo ti ń pè wọ́n látàná, wọn ò gbé fóònù.

Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ jíìmù tuntun, mo bẹ̀ ẹ́: tí wọ́n bá fi oríkì pè ẹ́ lórí bẹ́ǹṣì, kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ẹni tó pè ẹ́ kó o tó dáhùn.