Ọjọ́ Tí Mo Pe Ọ̀gá Mẹkáníìkì Lólè

Mo rántí ìgbà tí ariwo ọkọ̀ mi máa ń ṣáájú mi wọ Ọjà Akẹ̀sán. Ó ku bí ọdún méjì kí á wọ 1990, n kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, mo sì ní pikọ́ọ̀pù kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára ju ti gbogbo ọkọ̀ tó ń ná Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ, tàbí kí n kúkú sọ pé ohun tí mo máa ń sọ fún ara mi nìyẹn. Iṣu àti ẹlùbọ́ ni mo ń kó láti ìhà Ìrẹsà wá sí Ọ̀yọ́, pẹ̀lú àwọn ìyá oníṣòwò tó ni ẹrù. Iṣu kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi eré gbé, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá rí mi lórí àga ọkọ̀ yẹn, jígí dúdú lójú, apá òsì lójú fèrèsé, onítọ̀hún kò tíì rí agbéraga rí.

Bàbá kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ń bá mi tún ọkọ̀ náà ṣe. Ọ̀gá Mẹkáníìkì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó ti lé lọ́mọ ọgọ́ta ọdún, òun náà sì ni ladánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò, òun ló ń pe ìrun. Bí àkókò bá ti ń súnmọ́, á fi sípánnà sílẹ̀ láàárín iṣẹ́, á fi ọṣẹ dúdú fọ epo ọwọ́ rẹ̀, kò sì sí oníbàárà tó lè dá a dúró. Ó fẹ́ràn láti máa tú púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sínú ẹ́ńjìnnì, kí ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, kí ó yẹ ẹnu rẹ̀ wò lójú oòrùn. “Púlọ́ọ̀gì ni ahọ́n ọkọ̀,” ló máa ń wí. “Bó bá pọ́n bí ẹ̀pà yíyan, ara ọkọ̀ le. Bó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, inú ló ń dùn ún. Ẹ má bá ahọ́n jà o.”

Ọjọ́ Ajé kan ni mo kó púlọ́ọ̀gì tuntun mẹ́fà fún un nínú páálí wọn, ó kì wọ́n bọ̀ ọ́, ọkọ̀ sì ń dún jẹ́jẹ́ bí ẹni tó yó. Ìdúnjẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ti rí ọkọ̀ kan ní Ìbàdàn tí wọ́n ti yọ sàlẹ́ńsà rẹ̀, ìyẹn páìpù tí èéfín ń gbà jáde, tí wọ́n fi páìpù ńlá méjì tó ń dán gbinrin rọ́pò rẹ̀. Bó bá ń kọjá, ilẹ̀ ń mì. Mo sọ fún Ọ̀gá pé irú rẹ̀ ni mo fẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Agbè tó kún fún omi kì í pariwo. Èyí tó wà lára rẹ̀ tó o.” Mo ní, “Ẹ ṣé, sà,” mo sì wakọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ náà.

Wẹ́ẹ́dà, ìyẹn ajórin, tó ṣe é fún mi níbẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ọmọ ìjọ Aládùúrà, ọ̀jáfáfá gidi nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ó tú ti àtijọ́ kúrò láti ìdí ẹ́ńjìnnì, ó jó páìpù ńlá pọ̀ títí dé abẹ́ ìrù ọkọ̀. Nígbà tó ń parí lọ, ó ní, “Ọ̀rẹ́, àyè kò gbà wá tán níbí o. Ó sún mọ́ wáyà púlọ́ọ̀gì jù.”

Mo ní, “Ìwọ ṣáà jẹ́ kó tóbi.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jayé ariwo náà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo kó iṣu àti ìyá mẹ́rin, a ń gun òkè kan bọ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó wú u lẹ́ẹ̀kan, ó wú u lẹ́ẹ̀kejì, agbára tán lára rẹ̀, ó kú. Bíréèkì kò mú ẹrù tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ dáadáa, ọkọ̀ sì ń fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà ló bẹ́ sílẹ̀, tó yí òkúta sí ìdí táyà. Bí ẹ̀mí rẹ̀ ti balẹ̀, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. “Awakọ̀ aláriwo,” ó ní, “ariwo ọ̀hún náà ni kó wá tì wá gun òkè.” Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju ikú tí a fẹ́ẹ́ kú lọ.

Awakọ̀ kan tó ń kọjá bá mi tú púlọ́ọ̀gì méjì. Wọ́n dúdú, wọ́n rin gbindin fún epo bẹntiróò. “Ta ló fi ògbólógbòó yìí sọ́kọ̀ rẹ?” ó bi mí. Mo ní tuntun ni. Ó mi orí. “Tuntun kẹ̀? Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́.” Gbogbo ohun tí Ọ̀gá ti kọ́ mi nípa ahọ́n ọkọ̀ fò lọ lórí mi. Ohun tí mo ń wá ni ẹni tí màá di ẹ̀bi rù, ó sì ti dé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí wọ́n ṣe ń jáde lórí ìrun, mo wakọ̀ dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú gbogbo ariwo rẹ̀. Mo na púlọ́ọ̀gì dúdú náà sí Ọ̀gá lójú. Mo ní, “Ìwọ!” Ìwọ ni mo pè é, ẹni tó dàgbà ju bàbá mi lọ. “Olè ni ọ́! O kó tuntun mi, o fi ògbó há mi lọ́wọ́, o fẹ́ẹ́ pa mí!” Ẹsẹ̀ pé. Lèmọ́mù ń bẹ̀ mí pé kí n ní sùúrù. Ọ̀gá kò bínú. Ó gba púlọ́ọ̀gì náà, ó yí i sójú oòrùn, ó yẹ ẹnu rẹ̀ wò.

“Ọmọ mi,” ó ní, “jẹ́ ká jọ lọ wo ọkọ̀ náà.”

Mo já púlọ́ọ̀gì gbà lọ́wọ́ rẹ̀. “Kí lo fẹ́ wò? Ṣé kí o tún rí èyí tó kù jí ni?” Mo wọkọ̀, mo tẹ iná mọ́ ọn, mo sì fi èéfín bo gbogbo wọn lójú.

Kò sí ẹni tó mú Ọ̀gá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kò sí ẹni tó bú u. Ṣùgbọ́n àwọn tó máa ń fi ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró tì í, tí wọ́n ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Wọn kò ní kó má pe ìrun mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló dákẹ́. Nígbà tó ṣe, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú ìyá rẹ̀.

Mẹkáníìkì mìíràn pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì fún mi lẹ́ẹ̀mejì, ikọ́ náà kò lọ. Lọ́jọ́ kan, páìpù sán, mo gbé e padà tọ wẹ́ẹ́dà lọ. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi ìka kan orí wáyà púlọ́ọ̀gì. Ó ti yọ́ bí àbẹ́là. “Páìpù yìí ló ń jó wáyà rẹ,” ó ní. “Iná kì í dé ẹnu púlọ́ọ̀gì dáadáa mọ́, epo wá ń rin ín, ó ń dúdú. Kò sí nǹkan tó ṣe púlọ́ọ̀gì. Ṣé mi ò sọ fún ọ?”

Ó yẹ kí n ti ibẹ̀ lọ bá Ọ̀gá, ìlú kan náà la wà. Mo ní kí wẹ́ẹ́dà tú páìpù náà, kó dá ti àtijọ́ padà, mo sì wakọ̀ jẹ́jẹ́ lọ sílé. Àwọn tó bi mí léèrè ní Akẹ̀sán, mo sọ fún wọn pé ariwo ti sú mi. Bí mo bá ń dá ẹ̀bi ara mi rò, èyí ni mo kà sí èyí tó burú jù. Ìgbà tí mo pè é lólè, mo gbà pé òtítọ́ ni. Láti ọjọ́ yìí lọ, mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo sì panu mọ́ fún odidi oṣù mẹ́jọ.

Ìyá mi ni kò jẹ́ kí n lè pa á mọ́ra títí. Láràárọ̀ lẹ́yìn àdúrà, ó máa ń ṣépè fún bàbá náà. Mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan tí mo gbọ́ ọ: “Ọlọ́run, ẹni tó fẹ́ pa ọmọ mi sójú ọ̀nà, má jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun kalẹ́.” N kò lè jẹun àárọ̀ ọjọ́ náà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo gbà lọ.

Lábẹ́ àtíbàbà ọkùnrin kan tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí ni mo ti bá Ọ̀gá. Ó jókòó lórí táyà, ó ń fọ nọ́ọ̀tì nínú agolo, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú epo àti iyanrìn, mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò gbé ojú sókè.

“Mo mọ̀,” ó ní.

“Ẹ mọ̀, sà?”

“Láti ọjọ́ náà. Bí o ṣe ń wakọ̀ bọ̀ ni mo ti gbọ́ ọ pé o ti pààrọ̀ sàlẹ́ńsà. Púlọ́ọ̀gì ọwọ́ rẹ dúdú lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin ẹnu rẹ̀ kò tíì jẹ bíi ti ògbólógbòó. Tuntun ni.”

“Ẹ ò wá sọ fún mi, sà.”

Ó wá wò mí. “Ṣé o jẹ́ kí n sọ ọ́?”

Ó ní kí n dìde, ó ní òun ti fi jì mí láti ọjọ́ tó ti pẹ́. “Ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́ lo sọ ọ́ fún. Lọ bá àwọn tó gbọ́ ọ.”

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lèmọ́mù gbà mí láyè, mo dúró níbi tí mo dúró sí nígbà yẹn. Òjò ṣú, àwọn kan ń lọ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ kò sí níbẹ̀ rárá. Mo lọ sí ojúlé àwọn tí mo rántí. Mo sọ fún ìyá mi, ó sì jáwọ́ nínú èpè náà. Ọ̀gá kò padà sí Ọ̀yọ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ló kú sí, mo wà níbi ìsìnkú rẹ̀, ẹ̀yìn pátápátá ni mo dúró sí.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo wà níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn géńdé kan ń sọ̀rọ̀ nípa mẹkáníìkì tó ń rẹ́ni jẹ. Ọ̀kan ní, “Ó ti pẹ́ o. Ladánì kan ń bẹ ládùúgbò yìí láyé àtijọ́ tó ń jí púlọ́ọ̀gì oníbàárà. Wọ́n lé e kúrò nílùú ni.” Wọn kò tíì bí i nígbà náà. Mo sọ fún un pé irọ́ ni, pé èmi gan-an ni mo pa irọ́ náà. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. “Ẹ kú àánú ọ̀rẹ́ yín, Bàbá,” ọ̀kan wí. Wọ́n rò pé ńṣe ni mo ń bo òkú láṣìírí.

Láti ìgbà náà, níbikíbi tí mo bá jókòó sí, tí wọ́n bá ti dá ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì sílẹ̀, mo máa ń tètè sọ ìtàn yìí kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Àwọn mìíràn gbà mí gbọ́.