Fíìmù Tí Bàbá Mi Gbèjà

Fúláàtì òkè là ń gbé ní Agbowó nígbà náà, èmi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti àwọn òbí wa. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì, wọ́n ń ya máàpù ilẹ̀. Màmá mi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìjẹ̀ṣà ni àwọn méjèèjì, a ò sì ní ẹbí púpọ̀ ní Ìbàdàn, nítorí náà tí a bá ti ilé ìwé dé, inú ilé la máa ń wà. Bóyá ohun tí àbúrò màmá mi rí nìyẹn tó fi ra géèmù wá fún wa nígbà tó ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó.

Àpótí dúdú kékeré kan ni, a máa ń so ó mọ́ tẹlifíṣàn. Ìjà ló wà nínú rẹ̀. Wàá mú ẹni tó wù ọ́ nínú àwọn oníjà, ẹnì kejì rẹ á mú tiẹ̀, ẹ ó wá máa na ara yín títí ọ̀kan yóò fi ṣubú. Obìnrin kan tó ń fi ọ̀kọ̀ jà ni mo máa ń mú, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan tó fi aṣọ dúdú wé ẹnu ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń mú ní tiẹ̀. Àwọn oníjà yòókù máa ń pariwo, wọ́n máa ń fọ́nnu kí wọ́n tó jà, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kì í sọ nǹkan kan. Á kàn tẹríba ni, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu èèyàn. A sọ ọ́ ní Adákẹ́.

Bàbá mi ò rí ti géèmù yẹn rò rárá. Bí wọ́n bá ti wọlé, wọ́n á ní, "Ẹ yọ nǹkan yín kúrò lára tẹlifíṣàn mi, mo fẹ́ gbọ́ ìròyìn." Wọn kì í fi ìbínú sọ ọ́. Ẹni tó lè jókòó láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ kó máa fi gègé tínrín fa ìlà ni wọ́n, kò yé wọn bí èèyàn ṣe ń gbádùn kó máa tẹ bọ́tìnì.

Ìgbà òjò ni wọ́n ṣubú lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ará ọ́fíìsì wọn ló gbé wọn lọ sí ọsibítù. Nígbà tí wọ́n fi máa padà wálé, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ò gbọ́ràn mọ́, ẹnu wọn sì ti yẹ̀ díẹ̀. Dókítà ní rọpárọsẹ̀ ni. Ó ṣàlàyé fún màmá mi pé gbogbo ohun tí a bá sọ ló ń yé wọn, pé ọ̀rọ̀ á padà sẹ́nu wọn bí wọ́n bá ń gbìyànjú láti máa sọ ọ́.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bàbá mi ò gbìyànjú. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ béèrè omi, nǹkan mìíràn ló jáde lẹ́nu wọn, wọ́n sì gbọ́ ọ fúnra wọn. Mo rí bí ojú ṣe tì wọ́n. Láti ọjọ́ náà, orí ni wọ́n fi ń dá wa lóhùn. Bí wọ́n bá mi orí, ó ti di bẹ́ẹ̀ ni. Bí wọ́n bá yíjú sí ògiri, rárá nìyẹn. Màmá mi á jókòó tì wọ́n ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ní, "Ẹ pe orúkọ mi lásán. Bó bá ṣe fẹ́ jáde, kó jáde bẹ́ẹ̀." Bàbá mi á yíjú sí ògiri.

Ọlidé gígùn dé, ó di pé èmi àti ẹ̀gbọ́n mi là ń jókòó ti bàbá wa nílé títí màmá mi á fi dé, nítorí pé wọ́n ní ẹ̀kọ́ ọlidé tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ kan ní Bódìjà. Àga onítìmùtìmù tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ ni bàbá mi máa ń wà. A ṣì ń gbá géèmù wa, ṣùgbọ́n a ti pa ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, a ò sì pariwo mọ́ tí ẹnì kan bá ṣubú.

Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan wà tó máa ń wá láti Baṣọ̀run, ọmọkùnrin gígùn kan tí kì í lè pa ohùn mọ́lẹ̀. Òun ló mú ìròyìn náà wá. Orí àtẹ̀gùn ló ti ń ké bọ̀.

"Wọ́n ti fi géèmù wa ṣe fíìmù! Èèyàn gidi ló wà nínú ẹ̀ o! Mo ti rí àwòrán ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé fídíò Bódìjà!"

Ẹni tí kò bá gbé ayé ìgbà yẹn lè má mọ ohun tí ìròyìn yẹn ṣe sí wa. Àwọn ènìyàn tí a ti ń fi ìka darí látọjọ́ yìí wá, a máa rí wọn tí wọ́n ń rìn, tí wọ́n ń mí, tí òógùn ń bọ́ lójú wọn. A ò sọ nǹkan mìíràn mọ́. Báwo ni wọ́n ṣe máa ṣe afárá inú géèmù tó ń jóná? Ṣé obìnrin ọlọ́kọ̀ mi máa fò bó ṣe ń fò? Ẹ̀gbọ́n mi búra pé bí aṣọ ẹnu Adákẹ́ ò bá dúdú dáadáa, òun á dìde lọ.

Ẹ̀dà fíìmù náà kan ṣoṣo ni ilé fídíò ní láti fi yáni, gbogbo ọmọ àdúgbò ló sì ń dù ú. Ọmọ Baṣọ̀run ló ṣe é tó fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ò gbà kí èrò pọ̀ nílé tiwọn. Nílé wa, bàbá mi ló wà ní pálọ̀ yẹn. Mo bi màmá mi pé kí la máa ṣe.

"Kí ló dé tí ẹ ń bi èmi?" ni wọ́n wí. "Ṣé bàbá yín ò sí nílé ni? Ẹ lọ bi wọ́n."

Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè wo fíìmù kan níbí lọ́sàn-án ọ̀la?" Wọ́n wò mí pẹ́, wọ́n sì mi orí.

Bí a ṣe jókòó sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì nìyẹn, àwa mẹ́ta lórí ẹní, bàbá mi lẹ́yìn wa. Mo bẹ Ọlọ́run kí wọ́n má mú iná lọ. Wọn ò mú un lọ, ṣùgbọ́n fíìmù ò tíì lọ jìnnà tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í já wa kulẹ̀. Ọlọ́kọ̀ tèmi, wọn ò fún un ní ọ̀kọ̀ rárá. Aṣọ dáadáa ni wọ́n wọ̀ fún un, wọ́n ní kó máa tẹ̀lé ọkùnrin kan kiri, kó sì máa ké pé kí wọ́n wá gba òun sílẹ̀. Mo káwọ́ mọ́ra. Ọmọ Baṣọ̀run ń ka gbogbo àrà ìjà tí wọn ò dá. Ohun kan ṣoṣo tó tẹ́ wa lọ́rùn ni afárá. Afárá yẹn rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Nígbà tó yá, Adákẹ́ jókòó sídìí tábìlì nílé rẹ̀. Wọ́n ti fún un níyàwó. Obìnrin náà gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó jókòó, ó ń wò ó. Adákẹ́ gbọ́wọ́ sókè, ó tú aṣọ ẹnu rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń sọ bí wọ́n ṣe dáná sun abúlé wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi fò dìde. "Irọ́ ńlá! Adákẹ́ ń sọ̀rọ̀!"

"Wọ́n ti bà á jẹ́!" Ọmọ Baṣọ̀run ń pòṣé lọ́tùn-ún lósì. "Wọ́n ti sọ ọ́ di aláròyé!"

Èmi náà wá rí ibi tú ìbínú mi sí. A ń pariwo lé ara wa lórí, a tilẹ̀ ti gbàgbé ẹni tó wà lẹ́yìn wa.

"Ẹ... jẹ́... kó... sọ̀rọ̀."

Ohùn náà wúwo, ó há, bí ìgbà tí èèyàn ń wọ́ àga lórí sìmẹ́ńtì. Gbogbo wa yíjú padà. Bàbá mi ti fi ọwọ́ òsì di apá àga mú, ojú wọn wà lára tẹlifíṣàn. Ẹ̀gbọ́n mi rọra jókòó. A wo fíìmù náà parí. Mi ò rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú èyí tó kù.

Nígbà tí fídíò dákẹ́, a ò mọ ohun tí a ó ṣe. Èmi fẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, mo fẹ́ ké, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á tún sá padà. Ọmọ Baṣọ̀run kò ro nǹkan kan ní tiẹ̀. Àríyànjiyàn tí ẹnì kan bá a dá sílẹ̀ ló gbájú mọ́.

"Ẹ má bínú, sà," ó ní, "ṣùgbọ́n kò yẹ kó sọ̀rọ̀, sà."

Mo já a léèékánná. Kò ká a lára.

"Kí... kí ló dé?" ni bàbá mi wí.

"Kò sọ̀rọ̀ rí nínú géèmù, sà. Ìyẹn gan-an la ṣe fẹ́ràn ẹ̀. Àwọn tó kù ni wọ́n máa ń ṣe ẹnu."

Bàbá mi wá ọ̀rọ̀. A rí i bí wọ́n ṣe ń wá a, iṣan ọrùn wọn ń le, ètè wọn ń gbọ̀n. Màmá mi á ti bá wọn sọ ọ́ ká ní àwọn ni. Ọmọ Baṣọ̀run kàn la ojú sílẹ̀ ń dúró dè wọ́n, bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ ìdáhùn tó máa lò láti fi ta kò wọ́n.

"Ẹ ò... bi í," ni bàbá mi wá sọ. "Ẹ kàn ń... fi í... jà."

Ọmọ Baṣọ̀run súnra mọ́ wọn. "Ó dáa, sà. Ọlọ́kọ̀ wá ńkọ́? Ṣé èyí tí wọ́n ṣe sí òun náà dáa?"

Bàbá mi wò mí. Wọ́n ti rí i pé inú ń bí mi. "Rárá," ni wọ́n wí. "Wọ́n... jí... ìgbálẹ̀ ẹ̀."

Irú àṣìsọ yẹn ló ti lé wọn wọ inú ìdákẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo ń retí kí wọ́n yíjú sí ògiri.

"Ọ̀kọ̀ ni, sà," ni ọmọ Baṣọ̀run wí, bó ṣe máa tún un ṣe fún ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ọ̀kọ̀," ni bàbá mi wí. Èjìká wọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín.

Bàbá mi àti ọmọ Baṣọ̀run ṣì ń jiyàn nígbà tí màmá mi dé. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Bàbá ni," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Wọ́n ń gbèjà fíìmù burúkú."

Màmá mi gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá sí kíṣìnnì. Mo tẹ̀lé wọn. Wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n fi etí ìró nu ojú, wọ́n tún nù ún. Nígbà tí wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Ẹ máa bá wọn jiyàn lọ. Ẹ má gbà fún wọn o. Ṣé o gbọ́?"

A ò gbà fún wọn. Gbogbo ọlidé yẹn ni ọmọ Baṣọ̀run fi ń wá pẹ̀lú ẹjọ́ tuntun tó ti rò bọ̀ lọ́nà. Bàbá mi náà á ti múra sílẹ̀. Ní àárọ̀, mo máa ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń dán ọ̀rọ̀ wò lábẹ́lẹ̀, bí ọmọ tó fẹ́ lọ sọ àkọ́sórí. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tó ti wo fíìmù náà, tí wọ́n sì kórìíra rẹ̀, gbọ́ pé bàbá kan wà lókè tó ní ó dáa, wọ́n ń gòkè wá kí wọn, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ tán, wọ́n á wá ta kò wọ́n. Lọ́jọ́ kan, bàbá mi ní àwọn fẹ́ rí Adákẹ́ ti inú géèmù náà. A gbé páàdì tí a fi ń darí géèmù lé ìrọ̀rí lórí itan wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́. A nà wọ́n. Wọ́n ní ká tún un bẹ̀rẹ̀. A tún nà wọ́n.

Mi ò ní sọ pé fíìmù ló wò wọ́n sàn. Wọn ò padà sídìí máàpù mọ́, wọ́n fẹ̀yìn tì kó tó àkókò, ó sì dùn wọ́n. Ọ̀rọ̀ wọn ò yára bíi ti tẹ́lẹ̀ títí láé. Ṣùgbọ́n wọ́n ń fi ọ̀pá rìn lọ sí ojú títì lọ ra ìwé ìròyìn, wọ́n sì ń bá ẹni tó ń tà á ṣe àwàdà. Nígbà tí wọ́n ṣe fíìmù kejì, tí Adákẹ́ dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú rẹ̀, tí ọlọ́kọ̀ mi sì ń fi ọ̀kọ̀ gún ènìyàn bó ṣe yẹ, inú gbogbo wa dùn. Inú bàbá mi nìkan ni kò dùn. "Ìjà... ni ṣáá," ni wọ́n wí. "Mi ò mọ... ohun tí wọ́n ń... jà lé lórí." Gbogbo ọyẹ́ ọdún yẹn la fi fà á.

Lọ́jọ́ tí mò ń lọ sí ilé ìwé gíga ní ìpínlẹ̀ Ògùn, bàbá àti màmá mi sìn mí lọ sí gáréèjì Challenge. Bí a ṣe ń dúró kí ọkọ̀ kún, mo bi bàbá mi ní ohun tó ti wà lọ́kàn mi: kí ni wọ́n rí nínú Adákẹ́ lọ́jọ́ yẹn tí ọ̀rọ̀ fi jáde lẹ́nu wọn? Mo ti rò ó dáadáa, mo sì rò pé mo mọ ìdáhùn.

Wọ́n wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu. "Ariwo yín... ni," ni wọ́n wí. "Mi ò gbọ́... ohun tí ọkùnrin yẹn... ń sọ."

Màmá mi rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n fara ti ọkọ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ̀ bóyá kí n gbà wọ́n gbọ́. Lẹ́yìn náà ni dẹ́rẹ́bà pè wá wọlé. Bí ọkọ̀ ṣe ń yí sójú ọ̀nà, mo wẹ̀yìn. Bàbá mi ń sọ nǹkan fún màmá mi, màmá mi ń mi orí pé rárá, bàbá mi sì ń ṣàlàyé lọ.