Ohun tí Ghislaine Werquin Sọ Nípa Ìwé Àtẹ̀gùn

Láti ìlú Roubaix ni àyà Ghislaine Werquin ti ń já. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin fi máa dé Paris, búrẹ́dì tó fi bébà wé ti rún mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì tíì fẹnu kàn án. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń ṣọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ níbi tí wọ́n ń sùn, tó ń parí ìjà ìrọ̀rí, tó ń fi àyè tó bá kù ka ìwé. Iṣẹ́ olùkọ́ gan-an ló ń wá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbìyànjú ìdánwò ìjọba, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló fìdí rẹmi níbi ìdánwò ẹnu. Lọ́dún tó ń bọ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ á ti kọjá èyí tí wọ́n ń gbà. Bí tòní bá tún bàjẹ́, ó parí nìyẹn, ìjà ìrọ̀rí ni yóò máa là títí yóò fi fẹ̀yìn tì.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti ń dúró, ooru oṣù keje mú, òógùn ẹ̀rù sì tún wà lórí ti ooru. Ọmọkùnrin ará Paris kan tó ń jẹ́ Hubert Lassagne, tí bàtà rẹ̀ ń dán, jókòó tì í.

"Àǹtí, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ojú yín ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Ohun yòówù kẹ́ ẹ fà yọ nínú àpótí yẹn, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ ni fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ kọ́ fún mẹ́wàá, kẹ́ ẹ wá fi mẹ́wàá tó kù bá wọn làjà. Ẹni tó bá ti làjà ti yege."

"Tí ìjà náà ò bá ṣeé là ńkọ́?"

"Ẹ ó là á ni. Ilẹ̀ Faransé lẹ wà."

Wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpótí, ó fa ìwé pélébé kan yọ, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé e: *Ìwé Lórí Àtẹ̀gùn: ṣé òkìkí rẹ̀ tọ́ sí i?*

Hubert na ọrùn wò ó, ó súfèé. "Àǹtí, ẹ gbé o. Delcambre tó jókòó láàárín àwọn olùdánwò yẹn, òun ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé yìí. Ẹ yin ìwé náà títí ẹnu yóò fi bó yín."

Wákàtí kan ni wọ́n fún un láti múra. Ta ni kò mọ ìwé náà láyé ìgbà yẹn? Àwọn tí kò kà á pàápàá ń fi halẹ̀. Ọkùnrin kan jáde nílé láàárọ̀, ó dé àárín àtẹ̀gùn, ó dúró. Kí ló dé tí òun fi ní láti sọ̀ kalẹ̀? Kí ló dé tí òun fi ní láti padà sókè? Igba ojú ewé ló fi bèèrè. Ẹni tó níṣẹ́ í lọ ṣe ò lè dúró tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí a má purọ́, ìwé náà ti já Ghislaine láyà rí. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú sẹ́nu ẹ̀rọ òwú, tí ẹ̀rọ náà sì tún ń pariwo láàárọ̀ ọjọ́ kejì bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rù tó bà á lọ́jọ́ náà, inú ìwé yìí nìkan ló ti bá a pàdé.

Ohun tó ń dà á láàmú wà lójú ewé kejìlélógójì. Obìnrin kan ń fọ àtẹ̀gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó fọ̀ ọ́ kọjá ẹsẹ̀ ọkùnrin náà, ó sì ń fọ̀ ọ́ lọ sókè. Wọn ò dárúkọ rẹ̀.

Ọgbọ̀n ọdún ni Philomène, ìyá Ghislaine, fi fọ àtẹ̀gùn ilé àwọn olówó ní Lille. Ghislaine fúnra rẹ̀ a máa bá a gbé korobá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí kò sí ilé ìwé. Kò sẹ́ni tó ń fọ àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, wọn á mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè iṣẹ́ ìyá, "ìyàwó ilé" ló kọ, bó ṣe ń kọ ọ́ láti ọdún yìí wá. Ó wá kọ "bẹ́ẹ̀ kọ́" onírẹ̀lẹ̀ kan sórí bébà fún apá kejì, èyí tí kò lè bí ẹnikẹ́ni nínú.

Àwọn mẹ́ta ló jókòó níwájú rẹ̀. Delcambre wà láàárín, irun funfun, ojú tútù. Obìnrin kan, Màdáámù Roquebert, ń kọ gbogbo ohun tó ń sọ sílẹ̀. Ẹnìkẹta ń tòògbé. Apá kìíní lọ geerege. Delcambre ń mi orí, ó tilẹ̀ ń fẹnu pe àwọn gbólóhùn ìwé náà láìjẹ́ kó dún bí ọmọ tó ń gba àdúrà. Bí Ghislaine ṣe ń wo ẹnu yẹn, kò rí èyí tó kọ sórí bébà kà mọ́.

"Obìnrin tó ń fọ àtẹ̀gùn nínú ìwé yìí, ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀," ló wí. "Irọ́ ni. Òkè la ti ń bẹ̀rẹ̀. Omi ìdọ̀tí kì í ṣàn gòkè, ẹni tó bá sì fọ̀ ọ́ gòkè, bàtà ara rẹ̀ ló máa fi ba iṣẹ́ jẹ́ nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin yìí ní òun ń wo ayé bó ṣe wà gan-an. Èèyàn ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, kò rí i. Ẹni tó kọ ìwé náà ò rí i."

Kálàmù Màdáámù Roquebert dúró.

"Ta ló sọ fún yín?" ni Delcambre bèèrè.

"Ìyá mi ni. Àtẹ̀gùn ló fọ̀ tó fi tọ́ wa."

"Ó dáa. Apá kẹta ńkọ́?"

Ó wá apá kẹta nínú orí rẹ̀, kò sí níbẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo péré, pé síbẹ̀síbẹ̀ ìwé ńlá ni, ì bá gbà á là, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù mú un títí ó fi di tábìlì mú.

"Mi ò ní i," ló wí. "Ẹ̀rù inú ìwé náà, òótọ́ ni, mo mọ̀ ọ́n. Àìrí èèyàn inú rẹ̀ náà, òótọ́ ni. Mi ò lè là wọ́n."

Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló kù.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó yege mọ́ ara ògiri. Lassagne wà níbẹ̀. Werquin kò sí. Àṣà wọn ni pé ẹni tó bá fìdí rẹmi lè lọ bá àwọn olùdánwò kó gbọ́ ìdí rẹ̀, Ghislaine sì lọ. Delcambre nìkan ló bá nídìí tábìlì.

"Màdáámù, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára," ló wí pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́. "Ogún ìgbà ni mo ti ka ìwé yẹn, mi ò kíyè sí i rí. Ṣùgbọ́n apá mẹ́ta là ń béèrè, méjì lẹ mú wá. Òfin ni." Ó fa pẹ́ńsù yọ. "Wọ́n fẹ́ tún ọ̀rọ̀ ìṣáájú mi tẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ní láti òkè ni. Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Ghislaine wo pẹ́ńsù náà. Ó wá ẹ̀rù tó ti ń gbé bọ̀ láti Roubaix, kò rí i mọ́, ìbínú ló bá níbẹ̀.

"Ọ̀gá, ta ló ń fọ àtẹ̀gùn ilé tiyín?"

"Obìnrin kan ni. Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa, ó tó ọdún méjìlá."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

Delcambre bẹ̀rẹ̀ sí í wo bébà iwájú rẹ̀, bí ẹni pé orúkọ náà wà níbẹ̀. Ghislaine dúró dè é díẹ̀, bí olùkọ́ ṣe ń dúró de ọmọ tó yẹ kó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ó gbé àpò rẹ̀, ó sì kí i pé ó dàárọ̀.