Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọ́n Rì Mọ́lẹ̀ ní Pápá Àjàó

Nígbà tí mo fi máa dé ilé ìgbẹ̀bí tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí ọmọkùnrin sí ní Muṣin, ọkọ rẹ̀ ti gbé ibi ọmọ lọ sílé, ó sì ti rì í mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó wà lẹ́yìnkùlé wọn ní Pápá Àjàó. Ìgò ẹ̀jẹ̀ kékeré méjì tó ní ìdérí búlúù ni mo dì mọ́wọ́. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, tó máa ń rán ìjókòó ọkọ̀ fún àwọn mẹkáníìkì, wo ìgò náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Pròf, káàbọ̀. Ṣé lọ́fínńdà lo rà fún ọmọ ni?"

"Ibi ọmọ dà?"

"Mo ti rì í. Mo gbẹ́ ẹ jìn dáadáa, ajá kankan ò lè hú u." Ó dúró, ó ń retí kí n yìn ín.

N kò rí ẹ̀sùn kankan fi kàn án. Ohun tí bàbá ọmọ máa ń ṣe nílé wọn ló ṣe, kò sì fi falẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú okùn ìwọ́ tó so mọ́ ibi ọmọ yẹn ni mo tìtorí rẹ̀ sáré láti Súrúlérè. Dókítà tó ń tọ́jú mi ti ṣàlàyé pé tí a bá fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀ ní kété tí ọmọ bá bọ́ sáyé, a ò ní gún ọmọ náà lábẹ́rẹ́ rárá kí a tó mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dì. Ọsibítù dókítà yẹn la ti fẹnu kò sí pé ẹ̀gbọ́n mi máa bímọ sí. Ọmọ ò sí níbẹ̀ nígbà tí à ń fẹnu kò. Ìrọbí mú ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án gangan nílé, kẹ̀kẹ́ gbé e dé ilé ìgbẹ̀bí tó sún mọ́ wọn jù, nígbà tí wọ́n sì fi máa rántí pè mí, gbogbo ẹ̀rí mi ti wà nínú ilẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń jẹ ẹ́.

Torí tèmi la ṣe ń wá ẹ̀rí. Ẹ̀jẹ̀ mi kì í dì bó ṣe yẹ. Àwọn dókítà ń pè é ní hẹmofílíà. Ní àdúgbò wa, "ìṣòro ọmọ tíṣà" ni wọ́n ń pè é. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ó rí báyìí: nígbà tí nǹkan bá ya nínú ara, àwọn èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, bí àwọn lébìrà tó tò gẹẹrẹ, tí wọ́n ń na páànù kọnkéré síra wọn títí dé òkè. Nínú tèmi, èyí tí wọ́n fún ní nọ́ńbà kẹjọ kì í wá síbi iṣẹ́. Páànù á dúró lọ́wọ́ àwọn tó kù, wọ́n á máa wo ara wọn. Ojú ọgbẹ́ kékeré kọ́ ló ń dà mí láàmú jù. Inú orúnkún lẹ̀jẹ̀ máa ń dà sí fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó lù mí.

Ìyá ló máa ń gbé e fún ọmọ, òun fúnra rẹ̀ sì lè má mọ̀ ọ́n lára. Torí náà, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀gbọ́n mi gbé e, ó sì ṣeé ṣe kó má gbé e, bí ìgbà tí èèyàn ju owó ẹyọ sókè. Tó bá gbé e, a tún máa ju owó ẹyọ mìíràn fún ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan tó bá bí. Mo ṣe ìṣirò náà fún un nígbà tó wà nínú oyún: ìdá kan nínú mẹ́rin. Ó ní kí n lọ ṣe ìṣirò mi níbòmíì.

Àwọn ará ilé ìyá mi ní àlàyé tiwọn, ó sì ti wà kí dókítà kankan tó dá sí i. Tí wọ́n bá kọ ọmọkùnrin nílà nínú ìdílé náà, tí ẹ̀jẹ̀ ò dá, wọ́n á ní ọwọ́ olóòlà yẹn ni kò dáa. Wọ́n á wá òmíràn. Tí ti òmíràn bá rí bákan náà, wọ́n á tún pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń lé olóòlà bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ṣe ń lé kóòṣì, nígbà tó jẹ́ pé wọn ò ní aṣọ́lé. Nígbà tó kàn mí, wọ́n fi olóòlà sílẹ̀ pátápátá, wọ́n gbé mi lọ bá nọ́ọ̀sì kan ní Yábàá. Mo ṣẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì náà. Ìgbà yẹn ni ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó pé bóyá ọ̀bẹ kọ́ ló jẹ̀bi.

Yìnyín orí orúnkún ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Tí oògùn bá wà ní ọsibítù, wọ́n á wá iṣan ní apá mi títí apá náà á fi dà bí ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ kànga sí tí wọn ò rí omi. Tí kò bá sí, a ó padà sílé lọ bá yìnyín. Nígbà tí mo wà ní girama, pásítọ̀ kan wá gbàdúrà fún mi, ó ní ẹ̀jẹ̀ Jésù á rọ́pò tèmi. Mo bi í bóyá ìyẹn máa ń dì. Ìyá mi, tó jẹ́ tíṣà àti àgbà nínú ìjọ Áńgílíkà, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí Sọ́ńdè fi dé.

Oògùn tí mo ń gbà báyìí yàtọ̀. Kò mú ẹni kẹjọ wá síbi iṣẹ́. Ẹlòmíràn tí kò jọ ọ́ rárá ló gbà síṣẹ́, tó kàn dúró láàárín, tó fi ọwọ́ kan di ẹni iwájú mú, tó fi ìkejì di ẹni ẹ̀yìn mú, páànù sì ń kọjá. Abẹ́ awọ ikùn ni wọ́n ń gún un sí. Kò sí wíwá iṣan mọ́. Àwọn kan lókè òkun ló ń fi í ta ọsibítù wa lọ́rẹ. Mo ka ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ kí n tó gbà kí wọ́n gún mi. Kì í wo àrùn náà tán, ó kàn ń dì í lọ́wọ́ mú ni. Mo tún ka nípa ìtọ́jú kan tí wọ́n ń fún àwọn àgbàlagbà kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nílẹ̀ òkèèrè, tó ń kọ́ ara fúnra rẹ̀ bí yóò ṣe máa pèsè èròjà náà. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún àwọn kan, agbára rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ lára àwọn mìíràn. Mo fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ná. Èyí tí mo lè búra lé lórí ni pé láti ìgbà tí mo ti ń gba abẹ́rẹ́ ikùn yìí, orúnkún mi ò wú mọ́, n kò sì mọ ibi tí mo ju ọ̀pá mi sí. Ìlera yìí gan-an ló wá kó mi síyọnu.

Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé láti wẹ ọmọ. Ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ ọmọ lé wọn. Lẹ́yìn omi gbígbóná àti òrí, ó di apá kan mú pẹ̀lú ẹsẹ̀ òdìkejì, ó fà wọ́n pàdé. Ó wá gbé ọmọ, ó jù ú sókè, ó hán an.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jù ú mọ́."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀jẹ̀ lè dà sínú oríkèé rẹ̀."

"Bí mo ṣe ju bàbá ẹ̀ nìyí." Ó fi àgbọ̀n júwe ọmọ rẹ̀ tó fara ti ilẹ̀kùn. "Ṣé kò ga ni?"

Ọkùnrin náà ga. N kò lè jiyàn ìyẹn. Ìyá náà tún ju ọmọ sókè.

Ẹ̀gbọ́n mi ò bá a fa ọ̀rọ̀. Ó ní òun ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, a sì gba ọ̀dọ̀ dókítà mi lọ. Wọ́n rí ẹ̀jẹ̀ fà lẹ́yìn ọwọ́ ọmọ náà. Ẹni tó wà ní ilé àyẹ̀wò wá sọ fún wa pé kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe irú àyẹ̀wò yẹn ti tán, àwọn ń retí òmíràn, àwọn á tọ́jú ẹ̀jẹ̀ náà sínú fìrísà. Àbájáde ò ní í jáde kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni olóòlà ilé ọkọ rẹ̀ sì ń bọ̀ wá kọ ọmọ nílà.

Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi kí n má tú àṣírí ilé. Gbogbo ohun tí àwọn àna mọ̀ ni pé orúnkún máa ń dùn mí. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìsọmọlórúkọ, tí gbogbo wa jókòó sí pálọ̀ wọn, mo bẹ ìyá ọkọ pé kí wọ́n jẹ́ kí ilà dúró títí a ó fi gbọ́ láti ilé àyẹ̀wò. Mo sọ ohun tó ń ṣe mí. Ìyá mi di báàgì rẹ̀ mú bí ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì.

Ìyá ọkọ gbọ́ mi tán. "Olóòlà wa yìí ló kọ gbogbo ọmọ mi nílà. Kò sí ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò dá lọ́wọ́ ẹ̀ rí."

"Ta ló kà wọ́n, mà?"

"Kí ni?"

"Ọmọ tí kò bá yè é, àwọn òbí ẹ̀ ò ní padà wá sọ fún un. Àwọn tó yè nìkan ló ń kí i lójú títì."

"Hẹn-ẹn. Ìwọ ni wàá wá bá a kà wọ́n." Ó yíjú sí mi dáadáa. "Ìwọ gan-an, àrùn tí o ní yìí, ibo ló wà? Dìde."

Mo dìde.

"Rìn lọ síbi fíríìjì."

Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀.

"Lóṣòó."

Mo lóṣòó, mo sì dìde láì di nǹkan kan mú. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. "Pròf, orúnkún ẹ dáa ju tèmi lọ o!"

"Ẹ wá rí aláìsàn," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ó ń dán bí bàtà tuntun."

Ká ní ọjọ́ tí mo ṣì ń tiro ni, ǹ bá ti borí láàárín ìṣẹ́jú kan. Nísinsìnyí, oògùn ti nu gbogbo ẹ̀rí kúrò lára mi. Bí ó bá ṣe ń ṣiṣẹ́ tó ni mo ń dà bí òpùrọ́ tó. Mo jókòó.

Ẹ̀gbọ́n mi, tó ń fún ọmọ lọ́mú, ò gbójú sókè. "Màmá, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀."

Ìyá mi ń tún okùn báàgì rẹ̀ ṣe.

"Màmá. Tí ẹ ò bá sọ ọ́, ọ̀la ni wọ́n máa kọ ọ́ nílà."

Ìyá mi gbé báàgì sílẹ̀. Ohùn tó fi máa ń pe orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì ló fi sọ ọ́, geere, láìwo ẹnikẹ́ni. Ó ní àbúrò òun ọkùnrin kan wà tí àwọn ọmọ òun ò bá láyé. Wọ́n kọ ọ́ nílà láàárọ̀, ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, kò sí ọmọ náà mọ́. Òun lòun gbé omi fún ìyá òun láti fọ àwọn aṣọ náà. Omi náà ò yéé pọ́n. "Olóòlà yẹn náà," ni ìyá mi wí, "wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ kì í ṣòro dá lọ́wọ́ ẹ̀."

N kò gbọ́ ọ rí. Ẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ ọ, mo rí i lójú rẹ̀.

Ìyá ọkọ kọjú sí ìyá mi. "Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì jẹ́ kí ọmọ mi fẹ́ ọmọ yín láìsọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Tíṣà ni yín o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni ìyá mi wí, òun tí kì í pe ẹnikẹ́ni ní mà.

Ìyá ọkọ yíjú sí ọmọ rẹ̀, tí ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu rẹ̀. "Pe olóòlà. Sọ fún un pé kó má wá."

"Kí n ní kí ló dé, Màámi?"

"Sọ fún un pé ọmọ ń sùn."

Wọ́n sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú gbogbo ara rẹ̀, láìkọ ọ́ nílà. Láti ọjọ́ yẹn, ìyá ọkọ kì í bá ìyá mi sọ̀rọ̀ tààrà. Tí wọ́n bá jọ wà nínú yàrá kan, á ní, "Ẹ bá mi sọ fún tíṣà pé oúnjẹ ti délẹ̀," ìyá mi á sì ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́." Èmi ni mo ń gbé ọ̀rọ̀ láti àga kan sí ìkejì. Ó ṣáà ń wẹ ọmọ láìjù ú mọ́, ó sì ń kùn lórí àpótí pé ìwẹ̀ òyìnbó nìyí, ọmọ tí wọn ò jù á máa bẹ̀rù òkè.

Ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín sí èèyàn kí kẹ́míkà tó dé, kí ilé àyẹ̀wò tó pè wá. Ọmọ náà ní àrùn náà. Èmi ni mo kọ́kọ́ ka àbájáde náà. Ẹ̀gbọ́n mi wo ojú mi, ó ní kí n má ṣàlàyé. Dókítà ní kò sí ìkánjú nínú ọ̀rọ̀ ilà. Tó bá yá, inú ọsibítù ni wọ́n á ti ṣe é, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi oògùn múra ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò sunkún níbẹ̀. Inú kẹ̀kẹ́ ló ti sunkún, ó sì ti nu ojú rẹ̀ tán kí a tó sọ̀ kalẹ̀.

Nílé, ó gbé ọmọ fún ìyá ọkọ rẹ̀, ó sọ fún un ní gbólóhùn kan, ó wọ kíṣìnnì. A ń gbọ́ ìró ìkòkò.

Ìyá ọkọ jókòó pẹ̀lú ọmọ láyà. Ó tẹ orúnkún kékeré náà, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wo píà bóyá ó ti rọ̀.

"Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún ìwọ yẹn," ló wí, "wọ́n máa fún òun náà?"

"Dókítà ní àwọn máa kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, mà."

"Mi ò bi ẹ́ ní ti orúkọ. Wọ́n máa fún un?"

"Ó wà nílẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n ọrẹ ni, mà. Ọwọ́ àwọn tó ń fi í ránṣẹ́ ló kù sí, bóyá wọ́n ṣì máa..."

"Ìwọ ọmọkùnrin yìí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá ọmọ ń gbọ́ wa."

Ìró ìkòkò ti dákẹ́ ní kíṣìnnì.

Mo ro ohun tí mo mọ̀, mo ro ohun tí n kò mọ̀. Ìkejì ló pọ̀ jù.

"Wọ́n máa fún un, mà," ni mo wí, sókè dáadáa.

"Tí o sọ bẹ́ẹ̀, ṣé ẹnu ẹ wá bó ni?" ni ìyá ọkọ wí, ó sì gbé ọmọ lé èjìká kó lè gùnfẹ̀.