Apá Àyọ̀kẹ́ Tí Kò Ká Mọ́

Onídìrí ni Àyọ̀kẹ́ ní Igbó-Elérin. Obìnrin tó bá fẹ́ ṣùkú tó dúró dáadáa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń wá. Olúwadára, ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò, ni yóò pọ̀n sẹ́yìn, tí yóò sì máa dirí lọ.

Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀, ọ̀kadà gbé e ṣubú ní Ìyànà-Ìbà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ọmọ wà nílé lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀. Egungun ìgúnpá ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n ní wọn yóò là á fún un ní ọsíbítù, ẹ̀rù bà á, ó sì gba ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ń to egungun lọ. Bàbá náà fi ọparun dì í, ó ní kò gbọdọ̀ mì ín. Kò kúkú mì ín. Nígbà tí wọ́n tú u, egungun ti so, ṣùgbọ́n apá na gbọnrangandan bí ọmọ odó.

Ìgbà yẹn ló tó padà sí ọsíbítù. Folúkẹ́, òṣìṣẹ́ tó ń bá aláìsàn na iṣan, rọra di ọwọ́ náà mú.

“Ẹ̀gbọ́n, egungun yín ti jinná. Oríkèé ni kò dáa. Ibi tí egungun ti pàdé, kèrékèré wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kí wọ́n ha ara wọn, omi wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ kó máa yọ̀. Lílò ló ń mú un rọ̀. Ó ti pẹ́ jù nínú ìdè, ó ti gan.”

“Ṣé màá lè pọn ọmọ mi?”

Folúkẹ́ fi bí yóò ṣe máa na apá náà nílé hàn án.

Àyọ̀kẹ́ ń na apá yìí, ó ń sunkún. Ó ká díẹ̀, kò dé ẹnu. Àwọn oníbàárà yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ó gbìyànjú láti pọn ọmọ, ọwọ́ kò yí dé ẹ̀yìn; díẹ̀ ló kù kí ọmọ já bọ́, ìyá ọkọ rẹ̀ ló gbá a mú.

“Má sunkún, ìyàwó mi. Gbé e fún mi.”

Báyìí ni ẹ̀yìn ìyá àgbà ṣe mọ́ ọmọ lára. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, oorun ń kun Olúwadára, ó ń ké. Àyọ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i pé kó gùn ún. Ọmọ ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́ kọjá lára rẹ̀, ó lọ rọ̀ mọ́ ìyá àgbà. Màmá sún kúrò, kó lè padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọmọ figbe ta.

“Ẹ jẹ́ ó gùn yín, Màmá,” ni Àyọ̀kẹ́ wí. “Oorun ló ń kùn ún.”

Ó fi ọwọ́ òsì tẹ́ ìró lé ọmọ lẹ́yìn, ó sì dì í mú títí màmá fi so ó.